Ajá Tí Kò Jẹun Nílé Mọ́

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà tí ó ní ajá kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jọ ń lọ sóko. Òun fúnra rẹ̀ ni í gbé oúnjẹ fún ajá náà, kò jẹ́ rán ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó yá, ajá a gbóòórùn oúnjẹ rẹ̀, a sì kúrò nídìí rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó ní, "Kò jẹ oúnjẹ mi, ó tún ń sanra. Ẹnìkan ń bọ́ ọ." Ìyá kan tó ń yan ẹja ládùúgbò ni ọkàn rẹ̀ lọ bá, nítorí abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ni ajá máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ó lọ bá a níbẹ̀, ó bú u níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ó fẹ́ gba ajá òun. Ó délé, ó so ajá mọ́lẹ̀, ó ní ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní yọjú sílé ẹni tó bú mi. Ìyá náà wá. Ó kúnlẹ̀ ti ajá.

"Bàbá Mojọlá, ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wú. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń rùn. Ajá yín ò jẹun níbì kankan."

Ọkùnrin náà fẹ́ la ẹnu ajá, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìrora lè mú un gé yín jẹ."

Wọ́n jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Eegun ló há sí ìdí eyín rẹ̀, ibẹ̀ sì ti kún fún ọyún. Dókítà yọ eegun náà, ó ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ajá náà ì bá ti kú.

Ọjọ́ tí ajá tún lá abọ́ rẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó dọ̀bálẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Mo bú yín, ẹ sì wá."

Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni o kọ́kọ́ yà sí kí o tó dé ilé àna rẹ. O ní ìyàwó rẹ kò dá ọ lóhùn mọ́, o ní ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tó ń dùn ún? Padà sílé, jókòó tì í, má fipá là á lẹ́nu. Bí kò bá lè sọ ọ́ fún ọ, ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ kí ó bá ọ bi í, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá wá.