Kọ́kọ́rọ́ Méjì Lórí Òrùka Kan

Ọkùnrin kan wà ní ìlú tí mo ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìjọ, pákó ló ń tà. Jókòó dáadáa, Láògún, má tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìlú pátápátá, níbi tí ọ̀dà títì pin sí. Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀. Bàbá tó bí ọkùnrin náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra.

Ọkùnrin yìí ra mọ́tò, irú àwọn tayé òde òní yìí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n kó fún un. Ìyàwó rẹ̀ mọ mọ́tò wà, torí ó ti ń wa ti bàbá rẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ. Ó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà nílé. Ara Bàbá ò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin náà ò sì ń sí nílé látàárọ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé kì í ṣe òun ló di ọkọ yẹn?" Ló bá so méjèèjì mọ́ òrùka kan ṣoṣo, ó fi í há bẹ́líìtì. Bó bá ń rìn, wọ́n á máa dún, inú rẹ̀ á sì máa dùn sí i. Àbí o ò rí nǹkan! Ìyàwó fi í sílẹ̀ fún un. Ta ló fẹ́ tìtorí kọ́kọ́rọ́ tú ilé ká?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin náà gun òkìtì ìyẹ̀fun igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú, ó fẹ́ fa pákó kan tó rì síbẹ̀ yọ. O mọ irú òkìtì yẹn. Òkè rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, iná á sì máa jẹ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òrùka já, ó kó sínú rẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́bìrì wa ibẹ̀ títí ọwọ́ fi bó. Irin méjì ni wọ́n rí, rọ́bà orí wọn ti yọ́, ó ti gan mọ́ wọn lára bí ìpáàpá ìdí ìkòkò. Ọkùnrin náà káwọ́ lérí.

Wọ́n fa mọ́tò náà wálé. Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ẹni yẹn gé irin tuntun, ó kì í bọ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Inú gbogbo wọn dùn. Ó yí i láti jí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì dún, kò ju kí o ka ení, èjì lọ, ló bá kú.

Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní, "Ọ̀gá, ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Nǹkan kékeré kan wà nínú orí èyí tó jóná, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Òun ló ń bá mọ́tò yín sọ̀rọ̀. Bí mọ́tò ò bá ti gbóhùn ẹ̀, olè ló ń ka ẹni tó jókòó síbẹ̀ sí, kò ní ṣiṣẹ́ fún un. Àmọ́ méjì ni wọ́n máa ń kó fún èèyàn. Ẹ lọ mú ìkejì wá. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kí ẹ tó jẹun tán n ó ti fi òmíì mọ mọ́tò yìí."

Ọkùnrin náà wo bẹ́líìtì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń wò ó.

Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ wo ojú àwọn méjèèjì, ó yé e. Ó ní, "Ha! Kò sí ọ̀kan nílẹ̀? Ó wá di kí á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é, Ìbàdàn ló ti ń bọ̀, ó di ọjọ́ Ajé. Ẹ wá ìwé mọ́tò sílẹ̀ o, kò ní ṣe é fún ẹni tí kò bá fi hàn pé òun ló ni ín."

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn ni bàbá ṣubú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀kadà ò ṣeé gbé ẹni tí kò lè dá jókòó. Gbogbo mọ́tò àdúgbò ló sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rán ọlọ́kadà kan pé kó lọ wá ẹnikẹ́ni tó ní mọ́tò wá. Ọkùnrin náà ò lè dúró kó máa wo bàbá rẹ̀. Ó gbé e sí ẹ̀yìn mọ́tò, ìyàwó gbé orí àgbàlagbà náà lé itan. Ọkùnrin náà yí irin tuntun yẹn. Ení, èjì, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún yí i.

Ló bá figbe ta: "Ẹ bá mi tì í!"

O ṣáà mọ̀ wá. Mọ́tò wo la ò ní tì? Àwọn èèyàn ya jáde. Èmi tí mò ń kọjá lọ wàásù, mo ká ẹ̀wù funfun mi sókè, mo fi èjìká tì í. A tì í sọ̀kalẹ̀, a tì í gòkè padà. Ẹ́ńjìnnì á dún, a ó hó yèè, á sì kú. Àwa ò mọ̀ pé bí a tì í dé Ìlọrin, kò ní jí. Òun mọ̀. Wọ́n ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni ń kú lẹ́yìn ẹni, kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Ó ń sunkún, ó ń ké, "Ẹ tún tì í, ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá la ojú. Ó mọ̀ ọ́n lára pé mọ́tò ń lọ. Ó fi ẹnu tó wọ́ yẹn sọ pé, "Ṣé a ti débẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ní, "A ti ń débẹ̀, Bàbá."

Ẹnu ọ̀nà ilé ni a wà.

Ó lé ní wákàtí kan kí ọlọ́kadà tó mú mọ́tò kan dé. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, dókítà gbé ọwọ́ lé àyà àgbàlagbà náà, ó mi orí. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà dé. Ó ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì, mọ́tò sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà mú ọ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ta ni kí n wá gbé lọ báyìí?" Kò gbà á. Mo wà níbẹ̀, mo sì ń wolẹ̀, èmi tí wọ́n ń pè ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run.

Láògún, ó kàn ọ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti dákú níbi iṣẹ́ lóṣù yìí. Dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ fún ọ, ó sì ti fún ọ ní oògùn tí wọ́n máa fi sí ọ lábẹ́ ahọ́n bó bá tún dé. O wá bá mi pé kí n gbàdúrà, kí n má sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́, torí obìnrin tó bá mọ àìlera ọkọ á fojú tín-ín-rín rẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò ní sọ fún un. Ìwọ ni wàá sọ fún un, bí orí rẹ bá pé. Àbí ìwọ náà ni wàá ṣubú, ìwọ náà ni wàá dìde fún ara rẹ lóògùn? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ọjọ́ tó o bá ṣubú nínú ilé, ìyàwó rẹ yóò da omi lé ọ lórí. Yóò máa pe orúkọ rẹ, yóò máa pe orúkọ ìyá rẹ. Àwọn ará ilé á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọ. Yóò dì mọ́ ọ níbi tó ti ń sunkún, oògùn yẹn á wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ, lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, kò sì ní mọ̀.