Ìjàpá, Alásè Níbi Odò Ríro

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Ṣé ẹ ti ń sùn ni?

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi yìí yí gbiri, ó bọ́ sínú odò, ó gbé ẹrẹ̀ dìde, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn Ìjàpá tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ni n ó fẹ́ràn lára rẹ̀? Àjíún, yé rẹ́rìn-ín, jókòó dáadáa, orin ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbè é.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Odò kan ṣoṣo ni àwọn ẹranko ń mu, odò náà sì dí. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí àpáta méjì ti fún odò lọ́rùn, koríko hù bò ó, igi wó lé koríko, ẹrẹ̀ wá dí gbogbo rẹ̀ pa. Omi wà lẹ́yìn ìdènà náà rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó ti dúdú, ó ń rùn, kò sì sí ẹni tó lè rìn nínú ẹrẹ̀ yẹn débẹ̀ mu ún. Nísàlẹ̀, iyanrìn gbígbẹ ni odò dà. Ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré kan ló kù ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ wẹẹrẹ sí. Ẹtu ní ọmọ méjì níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì ran.

Ẹfọ̀n, tí í ṣe àgbà gbogbo wọn, pe ìpàdé. Ó ní, "Omi ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn kò lè ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọ̀la ni a ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wẹ̀. A ó ro odò yìí títí omi yóò fi rí ọ̀nà. Kí olúkúlùkù gbé ọkọ́ wá, kí ó sì gbé oúnjẹ wá."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe rí. Ohun tí kálukú bá ní ni yóò mú wá, ẹnìkan á sì dáná fún gbogbo ayé. Alásè á bu oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ títí wọn á fi yó, lẹ́yìn náà ni yóò tó ha ìkòkò jẹ. Alásè ló ń jẹun kẹ́yìn. Ọ̀yà gbé ẹ̀pà wá. Ẹfọ̀n gbé orúnlá àti iyọ̀ wá. Ẹtu gbé odidi àpò èlùbọ́ wá, kò sì sí ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ nílé rẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ìjàpá ńkọ́? Ìjàpá gbé ikùn wá.

Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ kúkúrú báyìí kò gba ọkọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọkà ro bí tèmi. Ẹ̀yin ẹ máa ro odò, èmi n ó máa ro ọkà. Ríro ni ríro ń jẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa jọ ń ṣe."

Ọ̀yà yínmú sí i. Ó ní, "Ríro tìrẹ wà lábẹ́ ìbòòji, ríro tiwa wà nínú ẹrẹ̀. O kò tan ẹnikẹ́ni jẹ."

Ẹfọ̀n ní, "Ẹnìkan ni yóò kúkú dáná. Ẹ jẹ́ kó dáná."

Bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ náà fún un nìyẹn. Ìjàpá kò dáná sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ o. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ odò, nínú iyanrìn gbígbẹ, níbi tí omi ìgbà kan ti gbẹ́ ihò sábẹ́ bèbè. Ó ní ibẹ̀ tutù. Ibẹ̀ tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló gbé e débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè rí i níbẹ̀.

Lókè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yà ń fi eyín gé koríko, Ẹfọ̀n ń fi ìwo hú igi, Ẹtu àti àwọn yòókù ń fi ọkọ́ wọ́ ẹrẹ̀. Ẹfọ̀n lé orin, wọ́n ń gbè é. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é:

Odò wa dí o,
*Ro ó, ká rómi mu.*
Koríko gbà á o,
*Ro ó, ká rómi mu.*
Ọmọ ń retí o,
*Ro ó, ká rómi mu.*
Ọkọ́ má kú o,
*Ro ó, ká rómi mu.*

Ó dára. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Ìjàpá gbé oúnjẹ dé bèbè odò nísàlẹ̀ ibi iṣẹ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹfọ̀n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọkà ṣàn láàárín ìka rẹ̀, ó dé ìgúnpá. Ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀dájú yìí dà sínú ìkòkò omi gbẹ̀ǹgbẹ̀.

Ẹfọ̀n ní, "Ìjàpá, ọkà rèé?"

"Bàbá, èlùbọ́ ọdún yìí ni kò wú. Ẹ̀ẹ̀rùn ló bà á jẹ́."

Ẹnu ya Ẹtu, torí òun ló gún èlùbọ́ náà, ó mọ̀ pé ó ń wú. Ṣùgbọ́n ebi ń pa wọ́n. Wọ́n gbé e mu bí ẹni mu ẹ̀kọ, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe kẹ́yìn báyìí, Ìjàpá gbé ìkòkò kejì kaná. Ó ro ọkà gidi, ọkà tó dì, tó ń dán. Ó fi ẹ̀pà Ọ̀yà se ọbẹ̀, ó da orúnlá Ẹfọ̀n sí i. Ó jẹ, ó jẹ, ó gbé ikùn sókè kó lè rí ibi mí. Èyí tí kò lè jẹ, ó pọ́n ọn sínú ewé eéran, ó kì í bọ inú ihò abẹ́ bèbè. Ó ti yó o, ó tún ń fi pamọ́. Irú ikùn wo nìyẹn?

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ọkà tó ṣàn ń fẹ́ omi púpọ̀. Níbo ni Ìjàpá ti ń pọn omi? Nínú ọ̀gọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni. Ní àràárọ̀ ni yóò gbé kèrègbè lọ, àwọn ọmọ á sún fún un, wọ́n á kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá alásè." Á bu kèrègbè méje, á yí padà. Kò tilẹ̀ wo ojú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹtu ń wọ́ ẹrẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n gbé e dìde. Ó ní òun ń bọ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ìjàpá.

"Ìjàpá, àpò èlùbọ́ tí mo gbé wá dà?"

"Ó wà nínú ikùn yín."

"Ikùn mi ṣófo. Kì í ṣe torí tèmi ni mo ṣe wá. Bí a kò bá rí jẹ, ọwọ́ wa á rọ. Bí ọwọ́ wa bá rọ, odò kò ní ṣí, ọmọ mi méjèèjì á kú sẹ́bàá ọ̀gọ̀dọ̀."

Ìjàpá fi orógùn kan ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọlọ́mọ, ẹni tí kò dáná kì í kọ́ alásè ní ọbẹ̀ sísè. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Ẹtu rí epo ẹ̀pà létí ẹnu rẹ̀. Ó rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jà, á ní okun nínú, Ẹtu kò sì ní. Ó yí padà, ó gun òkè lọ mú ọkọ́ rẹ̀. Ó dùn mí fún Ẹtu. Mo ti ń pa àlọ́ yìí láti ìgbà èwe mi, ibẹ̀ kò yé dùn mí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ọ̀gọ̀dọ̀ ti di ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi ahọ́n lá ẹrẹ̀.

Lókè, ó ku igi ńlá kan ṣoṣo. Ẹfọ̀n sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé, "Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, a ó fa igi yìí yọ. Kí ẹnikẹ́ni má wà nínú odò nísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ náà gun bèbè." Gbogbo wọn gbọ́. Ìjàpá kò gbọ́, torí kò dé ibi iṣẹ́ rí. Nígbà tí àkókò tó, Ẹfọ̀n rántí rẹ̀. Ó ní, "Alásè wà nísàlẹ̀. Ẹ pè é."

Ọ̀yà dúró lórí bèbè, ó ké, "Ìjàpá o, jáde kúrò nínú odò."

Ọkà kún Ìjàpá lẹ́nu. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí n wá bá wọn fa igi." Ó dákẹ́.

Ọ̀yà tún ké, "Ìjàpá, alásè, gun òkè."

Ìjàpá ra pálá wọ abẹ́ bèbè, ó tún bu òkèlè.

Ẹtu fúnra rẹ̀ ló pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Ìjàpá, omi ń bọ̀ o."

Ìjàpá fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ gbọ́ irọ́. Omi tí kò dé láti oṣù mẹ́ta, ṣé ìgbà tí mo ń jẹun ló máa dé?"

Ọ̀yà ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Ìjàpá ti sá relé. Ni Ẹfọ̀n bá ki ìwo bọ abẹ́ igi, ó hú u.

Wùùù. Ìjàpá gbọ́ ọ. Ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń hó ayọ̀, ó wá ń yára gbé mì kí wọ́n tó dé. Omi dé bá a pẹ̀lú òkèlè lọ́fun. Omi gbé ìkòkò, ó gbé orógùn, ó tú ihò abẹ́ bèbè, ó kó gbogbo ọkà inú ewé jáde, ó wá fi Ìjàpá lé e lórí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré bọ̀ lórí bèbè, wọ́n ń bá omi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Ọ̀yà rí nǹkan tí ó léfòó, ó na ọwọ́ mú un, ó tú ewé rẹ̀. Ọkà ni. Ó dì, ó ń dán. Gbogbo wọn wò ó. Ìgbà náà ni Ìjàpá yọrí láàárín omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbè é bí àwọn ẹranko ṣe gbè é:

Ẹfọ̀n, ẹ gbà mí o,
*Máa ro ọkà rẹ lọ.*
Ọ̀yà, nawọ́ sí mi o,
*Máa ro ọkà rẹ lọ.*
Ẹtu, ìyá ọlọ́mọ o,
*Máa ro ọkà rẹ lọ.*
Omi ń gbé mi lọ o,
*Máa ro ọkà rẹ lọ.*

Omi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n mu, wọ́n mu. Lẹ́yìn náà ni ọkà inú ewé ń dé níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ẹtu tú u, wọ́n jẹ èlùbọ́ ìyá wọn. Ìjàpá ló dé kẹ́yìn. Omi sọ ọ́ sí ojú ibi tó há, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, àyà lókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa afẹ́fẹ́.

Àwọn àgbà dé. Ìjàpá ní, "Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọmọ ni mo ń tọ́jú ọkà yẹn fún."

Wọn kò nà án, wọn kò bú u. Wọ́n mu omi, wọ́n jẹ ọkà, wọ́n ń ré e kọjá bí ẹni ré kùkùté. Ó kí Ẹfọ̀n, Ẹfọ̀n gbé ojú lọ. Ó kí Ọ̀yà, Ọ̀yà tutọ́ sílẹ̀.

Ẹtu mu omi. Ó lá àwọn ọmọ rẹ̀ lórí. Nígbà tó yá, ó rìn lọ síbi tí Ìjàpá wà. Ojú Ìjàpá mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọlọ́mọ, mo mọ̀ pé aláàánú ni yín."

Ẹtu fi pátákò gbọ́n ọn gbìì sórí bèbè.

Ó ní, "Kì í ṣe àánú. Ibi tí o dùbúlẹ̀ sí ń dí omi lọ́wọ́, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ro odò yìí tán ni."

Ìjàpá wá ibi tí yóò gbé ojú sí, kò rí. Ó fa orí wọnú ìkarahun. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí ó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ báyìí, orí ti wọlé nìyẹn. Ó rò pé ẹnìkan láti ibi ọ̀wẹ̀ ló ń bọ̀ wá béèrè oúnjẹ.

Ibi tí omi gbé àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí n ro ọkà lọ́la kó kún fún kókó. Bí n kò bá parọ́, ẹ dìde, ẹ lọ fọ àwo tí ẹ fi jẹun, mi ò fẹ́ Ìjàpá kankan nílé mi.