Ìdí Tí Àgbébọ̀ Fi Béèrè Ìdajì Ọkà

Ẹ̀yin ọmọ tí òṣùpá kó jọ, ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Awó, abiyamọ tó ń fi iyẹ́ rẹ̀ ṣe fáàrí.

Awó fẹ́ wá ọkà lọ, ó kó ọmọ tọ Àgbébọ̀ Adìyẹ pé kó bá òun ṣọ́ wọn.

"Ìdajì ọkà rẹ ni n ó gbà."

Awó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Òròmọdìyẹ, nítorí ìjókòó lásán?"

Ó tọ Àparò lọ. Ìdajì náà ni. Ni ó bá jókòó ṣọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, ó ń kọrin:

Àṣá ń bọ̀, ojú mi ò gbọdọ̀ kúrò!
— Ọmọ dùn ju ọkà lọ!

Ọmọ kò nù, ṣùgbọ́n tìyá tọmọ ni ebi ń pa nígbà tí oòrùn wọ̀. Ó wá yé Awó pé ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kì í ráyè wá oúnjẹ. Ó padà lọ bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká máa gbà á ṣe: kí ẹnì kan ṣọ́ ọmọ, kí ẹni méjì wá ọkà, ká pín in sí mẹ́ta."

Àgbébọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìjókòó lásán ti diṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ńlá ni, ìyá."

Nígbà tó kan Awó, Àṣá rà bàbà lẹ́ẹ̀mẹta, kò rọ́mọ gbé. Awó ń yan lórí òkìtì ọ̀gán: "Tèmi rèé, ti Àgbébọ̀ rèé, ti Àparò rèé, èmi ni ìyá gbogbo wọn!"

Àlọ́ mi ti wọ ìtẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ṣọ́ yín lónìí, ṣé ó ti jẹun?