Ọwọ́ Tí Kò Tíì Kan Etí

Káfíńtà kan wà ní ìlú kékeré kan, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì máa ń fi etí mọ ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ. Ìwọ náà á ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí rẹ. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ wọlé nìyẹn. Bí kò bá kan án, ọmọ á padà sílé, á lọ máa jẹun sí i.

Káfíńtà yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ọmọ náà lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ nírọ̀lẹ́, á sáré pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, á gun èjìká rẹ̀, á sì máa ṣa ìyẹ̀fun pákó kúrò nínú irun rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́ títí wọ́n á fi délé. Bàbá a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àsìkò yẹn gan-an ni òun ń sinmi.

Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé jìnnà. Ó mọ a-bí-dí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn pákó, ó parí. Ìdí nìyẹn tó fi ń kánjú pé kí Ìbídùn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ilé-ìwé lọ́dún náà, ó ti kan àga àti tábìlì kékeré fún un, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà búlúù, ó sì gbé wọn síta kí gbogbo àdúgbò lè rí wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé ọbẹ̀ kaná nígbà tí ẹran ṣì ń jẹ̀ nínú igbó.

Wọ́n dé ilé-ìwé, ọwọ́ ọmọ dé àtàrí, ó dúró síbẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Káfíńtà, ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ yín dáa, ó kàn kéré ni."

Ojú ti ọkùnrin náà púpọ̀. Àga búlúù ti wà níta, kò sì sẹ́ni tí kò tíì kí i kú oríire.

Ohun tó wá ń ṣe nìyí, jọ̀wọ́ má rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, á di ọwọ́ ọmọ mú, á máa fà á gba orí kọjá, bí ẹni ń fa rọ́bà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé e jókòó sórí àga búlúù, á fi ṣọ́ọ̀kì ya nǹkan sára pákó. "Onígun mẹ́ta nìyí. Wí i. Èyí ńkọ́? A nìyí. Wí i!" Bí ọmọ bá ń wò ó láìdáhùn, á fi rúlà lu tábìlì gbàà. Kò lu ọmọ o, tábìlì ló ń lù. Ṣùgbọ́n Ìbídùn kò mọ ìyàtọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ló fa ọwọ́ tiyín tó fi gùn tó báyìí?"

"Ìyá Ìbídùn, jẹ́ kí n kọ́ ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó rí bíi tèmi."

Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀gà ò ké mọ́. Bàbá á ti ṣọ́ọ̀bù dé, kò ní rí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìró ìyá rẹ̀ ni ọmọ á wà, tí á máa kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, sà," bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà á jókòó, á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lórí. Ó dùn ún wọ eegun. Ó fẹ́ kí ọmọ mọ ìró fáwẹ̀lì, ó sì ti gba ohùn tí ọmọ ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun á ṣe dá a padà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó rẹ̀ lọ síbi ìkómọjáde, ó sì fi Ìbídùn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń fi àwọn ègé pákó tó wà nílẹ̀ ṣeré. Ó gbé onígun mẹ́ta lé orí onígun mẹ́rin, ó di ilé. Bàbá ń kan bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Ó yíjú sí i, ó fẹ́ bi í pé kí ni orúkọ èyí tó wà lókè, ni òòlù bá sọ̀ kalẹ̀ sórí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Oooo!"

Ìbídùn gbójú sókè. Ó wo ẹnu bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá mú pákó róbótó kan tí ihò wà láàárín rẹ̀, ó rọra rìn wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà.

"Bàbá, ẹnu yín rí báyìí."

Ọkùnrin náà gbàgbé àtàǹpàkò. "Kí ni wọ́n ń pe èyí?" ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún ya ẹnu: "Ooo." Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ mú pákó pẹlẹbẹ kan wá, ó ní kí bàbá ṣe èyí náà. Bàbá na ètè rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún: "Iii." Ọmọ tún gbé onígun mẹ́ta wá. Bàbá gbìyànjú gbogbo fáwẹ̀lì tó mọ̀, kò sí èyí tó sọ ẹnu rẹ̀ di onígun mẹ́ta. Ìbídùn ronú sí i, ó wá gbé pákó náà lé imú bàbá rẹ̀. "Imú yín nìyí!"

Ibẹ̀ ni ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì bá wọn, tí pákó wà nímú káfíńtà, tó ń ké "uuu" gba inú ihò pákó róbótó.

Ó ní, "Káfíńtà, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, jàre. Iṣẹ́ là ń ṣe."

Láti ọjọ́ náà, lórí èjìká bàbá ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á bá ewúrẹ́ ké ẹ̀ẹ̀ẹ̀. Wọ́n á wá ohun tó rí róbótó, wọ́n á rí àkàrà, oòrùn, àti orí bàbá olórí-pípá tó ń gbé nígun ọ̀nà. Adìyẹ ló jogún àga búlúù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìbídùn ń to pákó rẹ̀ nílẹ̀. Ègé pákó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, etí òsì sì ń yún un. Kò fẹ́ gbé pákó sílẹ̀, ló bá na ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá, ó yún etí, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ rí i. Ó kàn di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ìwọ tí o wá sọ fún mi lánàá pé ọmọ rẹ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ kò gbọ́n, tí o ti gba olùkọ́ àdáni fún un, tí o sì kó ohun ìṣeré rẹ̀ pamọ́ nítorí pé ó ń dà á láàmú, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọwọ́ ọmọ rẹ á kan etí. Kò sẹ́ni tó ní kí o má kọ́ ọ, ṣùgbọ́n lọ kó àwọn ohun ìṣeré yẹn jáde, kí o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí o ya ẹnu, kó fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì ṣe ọ́ bíi pé ó ti pẹ́ jù, dán an wò lónìí: bí o bá ti ń wọlé, wo ojú ọ̀nà bóyá ọmọ rẹ á sáré pàdé rẹ.