Kòkó Tí Kì Í Gbẹ

Láti ọdún tí Ìyá Adúnbí ti ń sá kòkó, kòkó rẹ̀ kò gbẹ rí lẹ́nu alágbàtà. Bí ọkùnrin náà bá ti fi eyín gé hóró kan, á ní, "Ó ṣì tutù," á sì dín owó kù. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ilé dé ilé.

Obìnrin tí orí rẹ̀ pé yìí bá pe ará abà jọ: "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ jẹ́ ká kó kòkó wa sójú kan."

Alágbàtà dé, ó gé hóró kan. "Ó ṣì tutù."

"Ẹ máa lọ nígbà náà. Bó bá gbẹ, a ó ránṣẹ́ sí yín."

Ó kiri gbogbo ilé, kò rí kòkó rà. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣófo, ó padà sídìí òkìtì kan náà, ó tún gé hóró kan.

"Háà, Ìyá," ó ní, "àṣé ó ti gbẹ!"