Aṣọ Tí Awó Kọ̀ Láti Bọ́

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín ti lọ sílẹ̀ jù. Àbí iṣu tí ẹ jẹ lálẹ́ yìí ló dí yín lọ́nà ọ̀fun? Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé Erin, kò bà lé Ẹkùn, kò tilẹ̀ wo ibi tí Ìjàpá jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti sú mi. Àlọ́ mi dá lórí Awó, ẹyẹ tí aṣọ rẹ̀ ní àmì funfun tótòtó, tí kì í wé gèlè. Àdùnbárìn, fẹsẹ̀ ẹ kúrò lára àbúrò ẹ, kó o gbọ́ ìdí tí kì í fi í wé gèlè.

Ní àtijọ́, nígbà tí ẹyẹ àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, odò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń tara wọn lómi. Àfi bí wọ́n ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí odò gbẹ. Kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn o. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán ni. Odò gbẹ, ó ku ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ọmọdé ń lá ẹrọ̀fọ̀. Ọmọ Awó tó kéré jù dákú, ìrì orí ewé ni ìyá rẹ̀ gbọ̀n sí i lẹ́nu kó tó lajú.

Awó ò jókòó kó máa káwọ́ lérí. Ó tọ ipa odò lọ sókè. Ó rìn, ó fò, ó rìn, ó fò, títí ó fi dé ẹ̀yìn òkè. Kí ló rí? Ó rí ìtì igi tí wọ́n tò dínà odò gbàgà. Omi kún bẹ̀ǹbẹ̀ lẹ́yìn igi náà, Erin sì wà nínú rẹ̀, ó na gbalaja, ó ń fi ọwọ́jà fín omi sí ara rẹ̀ lẹ́yìn, fúùù, fúùù. Odò gbogbo ìlú ni Erin sọ di ibi ìwẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé Erin yìí ni Ọ̀tún ọba. Ẹ̀gbẹ́ Kìnnìún ọba ló ń jókòó.

Awó sáré padà wálé, ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìlú. Obìnrin kankan ò tíì dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwọn olóyè rí. Wọ́n gbìmọ̀, wọ́n ní, "Awó, ìwọ lo rí i, ìwọ ni kó o lọ bá wa sọ ọ́." Bí wọ́n ṣe fi í jẹ Ìyálóde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Odídẹrẹ́ fún yín báyìí, torí òun ni akéde. Àwọn ẹranko kéékèèké kì í wọ ààfin. Orí ẹ̀ka igi iwájú ààfin ni Odídẹrẹ́ ń bà sí, á gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nínú ilé, á sì kéde rẹ̀ fún ìlú. Ohun tó bá sọ ni ìlú mọ̀. Ohun tí kò bá sọ, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Erin a sì máa bá a mi ọ̀pẹ kí ẹyìn lè já bọ́ fún un. Ẹ má bi mí bóyá torí ìyẹn ni. Èmi kàn ní Erin máa ń bá a mi ọ̀pẹ ni.

Àṣà kan tún wà nílùú náà. Aṣọ tuntun kì í wọ̀lú láìlórúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ró o ló ń sọ ọ́ lórúkọ, akéde á sì pe orúkọ náà délẹ̀. Èèwọ̀ ni kó gé orúkọ náà kúrú.

Lọ́jọ́ tí Awó kọ́kọ́ lọ, ó múra. Ìyá Àdàbà, aláró, yá a ní àrán, ó sì bá a wé gèlè kan tó ga gàgàrà. Awó kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó ní, "Kábíyèsí, odò wa ò gbẹ. Wọ́n dí i ni. Ẹni tó dí i wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín níbẹ̀ yẹn."

Erin wúkọ́. Àwọn olóyè wo òrùlé. Kìnnìún ní, "A ti gbọ́. A ó gbé e yẹ̀ wò."

Ó parí. Odídẹrẹ́ bà lé ẹ̀ka, ó gbé orin. Ẹ̀yin lẹ ó máa bá mi gbè é. "Kí ló ró?" ni ègbè yín.

Ará ìlú, ẹ sún mọ́ mi o,
*Kí ló ró?*
Awó wọ ààfin lọ lónìí,
*Kí ló ró?*
Àrán ló ró, ó wé gèlè,
*Kí ló ró?*
Gèlè ga ju adé ọba lọ o,
*Kí ló ró?*

Ìlú dà rú. Àwọn kan ní gèlè ló yẹ obìnrin. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, ó fẹ́ gba adé. Àwọn kan ní ọwọ́ bùbá yẹn gùn jù, àwọn kan ní ó kúrú jù. Wọ́n jiyàn títí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ, kò sì sí omi tí wọ́n lè fi mú un tutù.

Awó ní kò burú. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gèlè ló dí wọn létí. Nígbà tó tún lọ, ó tú gèlè dànù, ó fi orí lásán lọ. Aṣọ oko tó ti ṣá ló ró. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ̀yin wà níbí, orí ọmọ wa ti wọ́. Ẹ bá wa sọ fún Erin kó kó igi rẹ̀ kúrò lójú odò."

Kìnnìún yán. Ó ní, "A ti gbọ́. Ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí." Erin rẹ́rìn-ín músẹ́.

Odídẹrẹ́ bà lé ẹ̀ka. Ẹ gbè é.

Ará ìlú, ojú mi rí nǹkan,
*Kí ló ró?*
Awó fojú ọba gbolẹ̀ o,
*Kí ló ró?*
Àkísà ló ró, orí lásán,
*Kí ló ró?*
Ṣé kò sẹ́ni tó ń dáṣọ fún un?
*Kí ló ró?*

Awó dúró lábẹ́ igi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Odídẹrẹ́, sọ̀ kalẹ̀. Kí ni mo sọ láàfin lónìí?"

Odídẹrẹ́ họ orí, ó ronú. Ó ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ o, Ìyálóde. Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa. Bọ́tìnì kan ti já lọ́wọ́ òsì bùbá yín."

"Mo ní kí ni mo sọ."

"Ẹ má bínú, Ìyá wa. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀."

"Ó dáa. Ọ̀bọ ti ń jókòó níwájú ọba láti ayé ìyá mi àgbà. Ìhòòhò ni ìdí rẹ̀, ó pọ́n yòò bí ata. Ṣé o ti kéde rẹ̀ rí?"

Ẹnu ya Odídẹrẹ́. Ó ní, "Ọ̀bọ kẹ̀? Olóyè mà ni Ọ̀bọ."

Inú bí Awó. Ó délé, ó bá ọmọ rẹ̀ kékeré tó yanu sílẹ̀, tí kò lè ké mọ́. Ó gbé e sábẹ́ ìyẹ́ apá, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú nù. Ó ní, "Aṣọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, àbí? Màá fún wọn láṣọ."

Ó gba ilé Ìyá Àdàbà lọ. "Ìyá, ṣé aró ṣẹ́ kù nínú ìkòkò yín?"

"Ó kù díẹ̀, èyí tí mo pò kí odò tó gbẹ. Ṣùgbọ́n Awó, kò sómi tá a ó fi ṣan aṣọ náà. Bó o bá ró o bẹ́ẹ̀, aró á wọ̀ ọ́ lára. Kò ní kúrò."

"Kó wọ̀ mí lára, Ìyá."

Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀kọ tì í. Awó ní kí gbogbo ìyá tí òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ rẹ̀ wá. Èyí tó ní ìka fi ìka bọ ẹ̀kọ, èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó fi ẹnu bọ̀ ọ́, kóówá sì kán an sára aṣọ, tó, tó, tó. Ẹ̀kán kan dúró fún ọmọ kan. Bí ẹ ṣe mọ̀ nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Wọ́n ri aṣọ náà bọ aró, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò. Aṣọ dúdú bí òjò tó ṣú, ojú àwọn ọmọ sì funfun lára rẹ̀ káàkiri. Awó ró o ní tútù. Aró ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ń lọ sí ààfin, kẹ̀jẹ̀, kẹ̀jẹ̀, bí ẹni tí ò níbi í lọ. Odídẹrẹ́ rí aṣọ tí kò rí rí. Ó já bọ́ láti orí igi, fìrìrì.

"Ìyá wa, kí lorúkọ aṣọ yìí?"

"Orúkọ rẹ̀ gùn. Ṣé o máa lè pè é délẹ̀?"

Ó dun Odídẹrẹ́. Ó ní, "Èmi? Kò sí orúkọ aṣọ tí mo gé rí láyé mi."

Awó sọ orúkọ náà sí i létí. Odídẹrẹ́ pè é lábẹ́ ahọ́n, ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Kò tiẹ̀ ronú. Ó fò padà sórí ẹ̀ka, ó na ọrùn.

Aṣọ tuntun ti wọ̀lú o,
*Kí ló ró?*
Ó dúdú, ó láàmì tótòtó,
*Kí ló ró?*
Erin-fi-igi-dí-odò,
*Kí ló ró?*
Ẹ̀yìn-òkè-ló-dí-i-sí,
*Kí ló ró?*
Ọmọ-wa-ń-kú-lọ lórúkọ rẹ̀ o,
*Kí ló ró?*

Odídẹrẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ìyẹ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ń jiyàn lórí gèlè dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ní, "Erin ni?" Òmíràn ní, "Lẹ́yìn òkè?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ aṣọ náà, wọ́n ń pè é bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Awó wọlé síwájú ọba. Erin fẹsẹ̀ janlẹ̀, gbì. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ní kó bọ́ ọ."

Kìnnìún bojú jẹ́. "Awó, bọ́ aṣọ yẹn, kó o sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀tún mi."

Awó ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dúró ṣinṣin. Ó ní, "Kábíyèsí, mo wọ àrán, wọ́n ní mo fẹ́ gba adé. Mo wọ àkísà, wọ́n ní mo fojú yín gbolẹ̀. Ṣòkòtò Erin tó ń já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí, ó ti hunjọ tipẹ́, kò sẹ́ni tó bi í ẹni tó rán an. Ojú ọmọ wa ló wà lára aṣọ yìí. Bí mo bá bọ́ ọ, ojú wọn náà lẹ ní kí n bọ́ dànù. Mi ò ní bọ́ ọ."

Kìnnìún wo ojú fèrèsé. Ó rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà. Ọba náà ò gọ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ní. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n lọ. Wọ́n rí igi, wọ́n rí omi, wọ́n rí ibi tí Erin máa ń na ara sí. Kò sẹ́ni tó dúró de àṣẹ. Òkéré fa ẹ̀ka kan, Ehoro fa òmíràn, Ìyá Àdàbà fi ẹnu fa koríko. Wọ́n fà á, fà á, fà á. Igi yẹ̀, gbàràmù. Omi tú, ṣòòòò, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Ó ku Erin nìkan nínú ẹrọ̀fọ̀. Irú èyí tí àwọn ọmọ ìlú lá, kí òun náà wò ó bó ṣe rí.

Ọmọ Awó mu omi, ó mu, ó mu, títí ikùn rẹ̀ fi yọ róńdó. Ó ké. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ẹ́ ni.

Ìyá Àdàbà ní, "Omi ti dé, Awó. Gbé aṣọ wá ká ṣàn án, kí aró tó wọ̀ ọ́ lára tán."

Awó ní, "Rárá o, Ìyá. Bí mo bá ṣàn án, wọ́n á gbàgbé."

Bẹ́ẹ̀ ni aró ṣe wọ̀ ọ́ lára tó fi di ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ bí ẹ bá rí i, aró wà níbẹ̀. Gèlè tó sì tú dànù, kò padà lọ mú un.

Odídẹrẹ́ tún lọ bà lé ẹ̀ka lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Awó wọ ààfin lọ lónìí." Àwọn ọmọdé tó wà nílẹ̀ ò gbe ègbè ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Kí ló wí?" Odídẹrẹ́ yanu. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n tún un sọ fún òun. Ìdí nìyẹn tí odídẹrẹ́ fi ń tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ wí títí dòní, ẹ̀rù ń bà á kó má bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ní kí ẹ máa bi mí ohun tó ró, ẹ sì ń bi mí, ẹ ń pàtẹ́wọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ní, "Màmá, kí ló wí?" nínú yín. Bí àwọn ará ìlú tí odò wọn gbẹ yẹn náà lẹ ṣe rí.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyí. Bí obìnrin bá dìde sọ̀rọ̀ nílùú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sílé, ẹ fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àti ìwọ Àdùnbárìn, bí wọ́n bá gbọ́ tìrẹ tí wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, má fara balẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ní kó o bọ́ ọ, má bọ́ ọ.

Ẹ bá mi gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ gbè é bó ṣe yẹ.

Awó wọ ààfin lọ lónìí,
*Kí ló wí?*
Ó ní odò, odò ni ti wa o,
*Kí ló wí?*
Ó ní òun ò ní bọ́ ọ,
*Kí ló wí?*

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí Awó bọ́ aṣọ rẹ̀ lọ́la kí gbogbo wa rí i.