Ohun Tó Mú Kí Alángbá Máa Sáré, Kó Sì Máa Mi Orí

Nígbà láéláé, nígbà tí alángbá kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mi orí, bàbá alángbá kan ń gbé lára ògiri amọ̀ kan létí odò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá bi mí, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Àlàó, àkọ́bí rẹ̀, máa ń wí. "Ẹ ti ṣe tiyín. Ó ku tiwa."

Bí bàbá bá fẹ́ lọ wá èèrà jẹ, Àlàó á ti gbé e wá sí i lẹ́nu. Bí aládùúgbò bá bi bàbá ní ọ̀rọ̀, Àlàó á ti dáhùn kí bàbá tó la ẹnu. Bí àwọn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn, wọ́n ní. Bàbá wá jókòó sínú oòrùn, ó ń sanra, ó sì ń tòògbé.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwẹ̀ró, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, wà nílé ọkọ lódìkejì odò. Odò náà fẹ̀, àfi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà ni alángbá tó lè gba orí àpáta sọdá. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá á kọjú sí odò, á máa ki ọmọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́:

"Àwẹ̀ró, ọmọ a-gun-ògiri-má-ṣubú,
ọmọ a-fàyà-gba-oòrùn,
ọmọ tó rẹ́rìn-ín kó tó sunkún."

Ṣùgbọ́n bó ti ń jókòó lójoojúmọ́, oríkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó. Ìlà kan lọ, òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, ó kàn ń wo odò ni. Àárò ṣì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ òun mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi fà. Àwẹ̀ró sáré lórí àpáta títí ó fi dé ìdí ògiri. Ó kúnlẹ̀, bí alángbá ṣe lè kúnlẹ̀ mọ.

"Bàbá mi, ẹ kú àtijọ́."

Bàbá wò ó títí. "Ẹ káàbọ̀ o," ni ó wí. "Ta ni ẹ ń wá?"

"Bàbá, Àwẹ̀ró nìyí," ni Àlàó sọ kíákíá.

"Mo ti gbọ́. Ẹ wá ibì kan jókòó sí."

Ọmọ tó bí ló ń pè ní *ẹ*, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró sunkún títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó sì padà sílé ọkọ rẹ̀.

Ẹkún náà kò kúrò létí bàbá. Ẹkún yẹn ló jẹ́ kó mọ̀ ọ́n, nígbà tó ti pẹ́ jù. "Ọmọ tí mo ń wọ̀nà fún dé," ni ó wí, "mo sì bi í pé ta ló ń wá." Òun náà sunkún.

Ìyá Ọmọńlé, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé inú ilé, yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá Àlàó, mo jù ẹ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ta lo rí tó ń pa ẹ̀fọn wá fún mi? Èmi ni mò ń lé e lórí àjà, èmi náà ni mò ń rántí ihò tó ń gbà wọlé. O jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ sùn, orí rẹ sì bá a sùn."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá sáré dé orí ògiri. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ṣùgbọ́n kò rántí nǹkan kan. Nígbà tó tún yá, ó jókòó, ó ń ronú. Oorun gbé e lọ.

"Ìyá, kò ṣiṣẹ́," ni ó wí.

"O pín wọn níyà ni. Ṣe méjèèjì pọ̀."

Ó wá sáré díẹ̀, ó dúró, ó pe orúkọ ọmọ kan. Nígbà tó rántí ọmọ náà, ó mi orí: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún sáré, ó tún dúró, ó pe òmíràn.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Àlàó ń bẹ̀ ẹ́. "Àwọn èèyàn á ní a ò tọ́jú yín."

"Jẹ́ kí n sáré, ọmọ mi. Bí wọ́n bá sì bi mí ní ọ̀rọ̀, má bá mi dáhùn mọ́."

Òjò rọ̀ títí ó fi dá. Bàbá kò sinmi. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà. Ohùn ìyàwó rẹ̀ kò padà rárá, ó sì dùn ún.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé. Àwẹ̀ró dúró lókèèrè, ẹ̀rù ń bà á láti súnmọ́ ọn. Bàbá sáré sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó wò ó. Ó mi orí.

"Ìwọ," ni ó wí. "Ìwọ Àwẹ̀ró, ìwọ lo pẹ́ tó báyìí? Ọmọ a-gun-ògiri-má-ṣubú, ọmọ a-fàyà-gba-oòrùn..."

Ìlà tó kù kò wá. Àwẹ̀ró ló parí rẹ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Nígbà tí omi fẹ́ kún, ó tún ní láti padà. Bàbá dúró lórí ògiri, ó ń wò ó lọ títí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Láti ọjọ́ náà ni alángbá ti ń sáré díẹ̀, tí ó ń dúró, tí ó ń mi orí. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń sọ òkò lù ú, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà lódìkejì odò ló ń pè, kó má baà tún pè é ní *ẹ*.